Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí nípa títọ́ táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ àtijọ́ nílé (Volkswagen Ìjàpá, Peugeot 504, píkọ́ọ̀pù)

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn wa, ará Kábbà, Ìyàrà, Mopa, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀, gbogbo Òkun pátá. Ìbéèrè lórí táyà ẹ̀yìn ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, àwọn kan fi wọ́n ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àwọn kan dá mi dúró lọ́jà, ni mo bá ní kí n kó gbogbo ẹ̀ jọ sójú kan. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀: ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n kí ẹ tó fọwọ́ kan iwájú, ẹ má sì tú nọ́ọ̀tì kankan títí ẹ ó fi mọ ohun tó sún kúrò láyè ẹ̀.

Ṣé ẹ̀yìn náà ń fẹ́ aláímẹ́ǹtì (títọ́ táyà) ni? Mẹkáníìkì mi ní iwájú nìkan ni wọ́n ń ṣe.

Ó ń fẹ́ ẹ o. Òótọ́ ni pé iwájú lẹ fi ń yí ọkọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí táyà ẹ̀yìn bá kọjú sí ni ọkọ̀ á máa fẹ́ lọ. Ká ní táyà ẹ̀yìn méjèèjì ń wo ọ̀tún díẹ̀, ìdí ọkọ̀ á máa sún sí ọ̀tún, imú ẹ̀ á máa fẹ́ yà sí òsì, ẹ̀yin náà á wá di sitiarín mú sí ọ̀tún kó lè lọ tààrà, gbogbo ara ọkọ̀ á wá máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí akàn. Ẹni tó bá tọ́ iwájú nìkan níbẹ̀ kàn gba owó yín ni, torí sitiarín á ṣì wọ́ tí ẹ bá padà dé títì.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀yìn ló ń yọ mí lẹ́nu, tí kì í ṣe iwájú?

Ẹ wo táyà ẹ̀yìn. Tó bá ń jẹ apá kan tí apá kejì ṣì nípọn, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti ṣe iwájú tán tí sitiarín ò sì dúró láàárín, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Tó bá ń fì nídìí tí tírélà bá kọjá yín, ó lè jẹ́ ẹ̀yìn, ó sì lè jẹ́ ṣọ́ọ̀kù tó ti kú.

Èyí tó rọrùn jù, ẹ da omi sílẹ̀ níbi tí kóńkéré ti gbẹ, ẹ wa ọkọ̀ gba inú omi náà kọjá tààrà láì yí sitiarín, kí ẹ sọ̀kalẹ̀ wo ipa táyà. Ipa táyà ẹ̀yìn lè bọ́ sínú ti iwájú díẹ̀ tàbí kó bọ́ síta díẹ̀, kò burú, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ni fífẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn wọn ò dọ́gba. Ohun tí a ń wò ni pé ṣé bó ṣe bọ́ sínú lọ́wọ́ ọ̀tún náà ló ṣe bọ́ sínú lọ́wọ́ òsì. Tó bá jẹ́ pé lọ́wọ́ kan ó jáde, lọ́wọ́ kejì ó wọlé, ìdí ọkọ̀ ti wọ́. Lásìkò ọyẹ́ ẹ ò tiẹ̀ nílò omi, eruku ojú ọ̀nà wa ti tó.

Kí ẹ tó dá ẹ̀yìn lẹ́bi ṣá, ẹ fún táyà méjèèjì ní atẹ́gùn tó dọ́gba, kí ẹ sì pààrọ̀ táyà iwájú ọ̀tún sí òsì. Tí ọkọ̀ bá wá ń fà sí òdìkejì, táyà ni, ẹ lọ sùn. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan ló ń fà, ìyẹn ọ̀rọ̀ bíréèkì.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe kí n kúkú gbé e lọ síbi ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà ní Lọ́kọ́jà tàbí Ìlọrin?

Àbúrò, tí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti ń wọn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ẹni tó ń lò ó sì mọ Ìjàpá, ẹ lọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wọn ò ní ìwọ̀n ọkọ̀ àtijọ́ nínú ẹ̀rọ wọn, wọ́n á kàn mú ti ọkọ̀ mìíràn. Òmíràn á ní ẹ̀yìn ò ṣeé tọ́, bẹ́ẹ̀ Ìjàpá ṣeé tọ́ lẹ́yìn láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Okùn àti rúlà tí ẹ fara balẹ̀ lò dára ju kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kánjú lò. Èrò tèmi nìyẹn o.

Kí ni mo máa nílò?

Òwú tí bíríkìlà fi ń na ìlà, tépù, rúlà irin tó ní mìlímítà, páìpù gígùn méjì tó tọ́ tó nǹkan bíi mítà méjì (ti iná mànàmáná tó nípọn náà ṣeé ṣe), àpótí tàbí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin láti gbé páìpù sí, okùn tí wọ́n so irin mọ́ nídìí tí bíríkìlà fi ń mọ̀ bóyá ògiri dúró gbọnrangandan, ẹfun láti fi sàmì, jáàkì àti irin tó ń gbé ọkọ̀ dúró. Ẹ jọ̀ọ́, búlọ́ọ̀kù lè gbé páìpù o, kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì máa ń fọ́ lójijì láì kìlọ̀. Igi líle tó fẹ̀ sàn jù ú lọ.

Ẹ tún wá táìsì ilẹ̀ mẹ́rin, ẹ fi gíríísì sáàárín méjì-méjì, kí táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan gun méjì lórí ara wọn. Òun ló máa jẹ́ kí táyà lè sún nígbà tí ẹ bá ń tọ́ ọ. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, rọ́bà táyà á di ilẹ̀ mú, ìwọ̀n tí ẹ bá rí á máa parọ́. Nídìí táyà iwájú, ẹ fi pákó tó ga tó táìsì méjì síbẹ̀ kí ọkọ̀ má bàa tẹ̀ síwájú.

Ilẹ̀ tó tẹ́ dà ní ìlú wa tó kún fún òkè àti àpáta yìí?

Ìbéèrè gidi nìyí. Ibi kóńkéré tí wọ́n ti ń sá láfún dáa, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí náà dáa tí ẹ bá tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ẹ rọ omi sínú rọ́bà tó mọ́ gaara bí bíríkìlà ṣe ń ṣe é, ẹ na án láti ojú táyà kan sí èkejì, ibi tí omi bá dé lápá kìíní ló máa dé lápá kejì, ẹ ó rí i bí ilẹ̀ ṣe rẹlẹ̀ sí. Ibi tó bá rẹlẹ̀ ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e. Fún ohun tí a ń ṣe yìí, mìlímítà díẹ̀ ò ní ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é lórí yẹ̀pẹ̀.

Kí ni mo máa yẹ̀ wò kí n tó wọn ohunkóhun?

Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fo nǹkan. Ẹ gbé ẹ̀yìn sókè, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ kí ẹ mì ín. Tó bá ń mì, bíárìnnì tàbí nọ́ọ̀tì họ́ọ̀bù (àárín táyà tí ríìmù so mọ́) ni, kò sí ìwọ̀n tó máa jóòótọ́ lórí ẹ̀. Nọ́ọ̀tì ńlá họ́ọ̀bù ẹ̀yìn Ìjàpá jẹ́ 36 mm, agbára tí ìwé ọkọ̀ ní kí a fi dè é jẹ́ 217 ft-lb, bí ẹni pé ẹ fi nǹkan tó wúwo tó kílò 30 kọ́ sí ìdí páìpù tó gùn ní mítà kan. Ọwọ́ lásán pẹ̀lú sípánà kékeré ò lè dé ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí eyín inú họ́ọ̀bù fi ń jẹ tán lára ọ̀pọ̀ Ìjàpá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo gbogbo rọ́bà bọ́ọ̀ṣì, ẹ fi irin gígùn tẹ̀ wọ́n. Rọ́bà tó ti fọ́ ni kí ẹ pààrọ̀ kí ẹ tó wọ̀n, torí ọ̀pọ̀ ìgbà rọ́bà yẹn gan-an ni àrùn náà, tí ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀, axle (irin tó gbé táyà ẹ̀yìn dúró) á padà síbi tó yẹ. Ẹ yí táyà kí ẹ wo bóyá ríìmù ń jó. Kòtò ojú ọ̀nà wa àti ìyára tí àwọn kan ń sá báyìí, ríìmù tó tọ́ pérépéré ti di ọ̀wọ́n.

Ó yá, báwo ni mo ṣe máa na okùn?

Ẹ gbé páìpù kan sí iwájú ọkọ̀, ọ̀kan sí ẹ̀yìn, kí wọ́n ga dé àárín táyà. Ẹ sàmì méjì sára páìpù kọ̀ọ̀kan, kí àlàfo àárín àmì méjèèjì dọ́gba lórí páìpù méjèèjì láì fi irun kan yàtọ̀, bíi 180 cm fún Ìjàpá. Ẹ wá na òwú láti àmì iwájú sí àmì ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì, kó le dáadáa. Òwú méjèèjì á wá lọ ní ìbádọ́gba, ọkọ̀ á wà láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ kí sitiarín dúró láàárín. Ẹ wá wọn láti òwú dé àárín họ́ọ̀bù: iwájú ọ̀tún gbọ́dọ̀ bá iwájú òsì mu, ẹ̀yìn ọ̀tún gbọ́dọ̀ bá ẹ̀yìn òsì mu. Ẹ máa sún páìpù sọ́tùn-ún sósì títí wọ́n á fi bá ara wọn mu. Iwájú ò ní bá ẹ̀yìn mu o, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Ẹ má sì jẹ́ kí òwú kan táyà tàbí ara ọkọ̀ níbikíbi, tó bá ti kan nǹkan ó ti tẹ̀ nìyẹn.

Kí ẹ tó ka nọ́ńbà, ẹ ti ọkọ̀ síwájú sẹ́yìn díẹ̀, ẹ gun ìdí ẹ̀ kí ẹ mì ín dáadáa kó jókòó. Ìjàpá ló nílò èyí jù, torí tí ẹ bá gbé e sókè pẹ̀lú jáàkì, ìsàlẹ̀ táyà ẹ̀yìn máa ń ká wọ abẹ́, kì í sì í padà bó ṣe wà àfi tí ẹ bá tì í.

Ẹ wá fi rúlà wọn láti òwú dé etí ríìmù níwájú, ẹ wọn dé etí ríìmù kan náà lẹ́yìn, ní gíga họ́ọ̀bù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá ti ọkọ̀ kí táyà yí ìlàjì, ẹ tún un wọ̀n, ẹ ro ìwọ̀n méjèèjì pọ̀, ẹ pín in sí méjì. Ìyẹn ló máa yọ àléébù ríìmù tó wọ́ kúrò.

Mo ti wọ̀n ọ́n. Kí ni àwọn nọ́ńbà yìí ń sọ?

Òwú wà níta, nítorí náà tí nọ́ńbà iwájú ríìmù bá ju ti ẹ̀yìn ríìmù lọ, orí táyà ti tẹ̀ sínú, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tó-ìn. Tí nọ́ńbà iwájú bá kéré, orí táyà ṣí síta. Lórí ríìmù tó fẹ̀ tó 38 cm, digíríì kan jẹ́ bíi 6.6 mm, mínìtì 10 (mínìtì 60 ló wà nínú digíríì kan) jẹ́ díẹ̀ lé ní 1 mm. Ẹ rí i pé òògùn ojú ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ń fojú díwọ̀n.

Ọ̀tún àti òsì ni kí ẹ kà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má kàn rò wọ́n pọ̀. Ká ní òsì fi 3 mm tẹ̀ sínú, ọ̀tún fi 3 mm ṣí síta, tí ẹ bá rò ó pọ̀ ó jẹ́ òdo, ẹ ó ní ó pé, bẹ́ẹ̀ táyà méjèèjì ń wo ọ̀tún. Ìdí nìyẹn tí n ò fi gba ti àwọn tó ń fi tépù wọn láti táyà sí táyà nìkan. Tí wọ́n bá ń bi mí pé ṣé ìyẹn tó, mo máa ń ní rárá.

Tèmi jẹ́ Ìjàpá. Ibo ni mo ti máa tọ́ ọ?

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ẹ ní. Ẹ wo abẹ́: tó bá jẹ́ páìpù nípọn ló jáde láti gíábọ́ọ̀sì dé táyà, tó ní rọ́bà ìbòjú kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíábọ́ọ̀sì lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, èyí àtijọ́ ni, páìpù yẹn ló ń fì sókè sódò. Tó bá jẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní rọ́bà méjì lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, irú kejì ni. Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí jẹ́ ti èyí àtijọ́.

Irin pẹlẹbẹ gígùn kan wà tó ti ara torsion bar (irin tó ń lọ́ bíi sípíríǹgì láti gbé ọkọ̀) wá sẹ́yìn, ìdí ẹ̀ ni páìpù axle ti fi bóòtì so mọ́ ọn. Ihò bóòtì lára irin pẹlẹbẹ yẹn kì í ṣe róbótó, ó gùn, ibẹ̀ ni àyè títọ́ wà. Tí ẹ bá sún ìdí axle síwájú, orí táyà ọwọ́ yẹn á tẹ̀ sínú, tí ẹ bá sún un sẹ́yìn, á ṣí síta. Bó ṣe rí lọ́tùn-ún náà ló rí lósì.

Kí ẹ tó tú u, ẹ fi ṣísù gé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ara irin méjèèjì kọjá, kí ẹ lè mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ ó bá ìlà àtijọ́ níbẹ̀ tí kò bá ara wọn mu mọ́, ẹnì kan ti tú u láti ṣe gíábọ́ọ̀sì tàbí ọ́ìlì síìlì, ó sì dì í padà bó ṣe wù ú. Ìyẹn nìkan ti tó láti ba ọkọ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí táyà wà lórí táìsì tó ní gíríísì, kí ọkọ̀ jókòó sórí ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹ dẹ bóòtì, ẹ MÁ yọ ọ́. Mo fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ torí torsion bar yẹn ń ti irin pẹlẹbẹ náà pẹ̀lú agbára tó pọ̀ gan-an, tó bá já kúrò lórí bóòtì ó lè ṣẹ́ ọwọ́ èèyàn. Ẹ fi irin gígùn tì í díẹ̀díẹ̀, ẹ di bóòtì kan, ẹ wọ̀n, ẹ tún un tì. Ẹ lo nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ọkọ̀ yín gan-an torí ọdún sí ọdún yàtọ̀. Tí ẹ ò bá ní ìwé, ẹ jẹ́ kó lọ tààrà, ọ̀tún àti òsì dọ́gba, ẹ ò ní ṣìṣe.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yìn Ìjàpá mi ga díẹ̀ nítorí ọ̀nà oko. Ṣé ó kàn án?

Ó kàn án púpọ̀. Irú àtijọ́ yìí, bí ẹ̀yìn bá ṣe ń ga ni orí òkè táyà ń ṣí síta tí ìsàlẹ̀ ń ká wọ abẹ́. Torsion bar ní eyín 40 nínú, ó ní 44 níta, nítorí náà eyín kan nínú jẹ́ digíríì 9, eyín kan níta jẹ́ digíríì 8 àti mínìtì 10, tí ẹ bá yí ọ̀kan síwájú kí ẹ dá èkejì padà, ẹ rí mínìtì 50 péré. Iṣẹ́ ọ̀gá ni, n ò ní gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ ṣe é lábẹ́ igi máńgòrò. Tí wọ́n bá ti yí gíga padà, gbogbo ìwọ̀n tòkè yìí ẹ ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ti píkọ́ọ̀pù tó ń lo sípíríǹgì pẹlẹbẹ ńkọ́? Ọ̀gá mi fi ń kó iṣu.

Axle òun ò ní ibi títọ́ kankan. Tó bá ti wọ́, nǹkan ti sún tàbí nǹkan ti tẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo máa ń fura sí ni bóòtì àárín sípíríǹgì. Orí bóòtì yẹn ló wọ inú ihò tó wà lórí axle, òun ló ń sọ fún axle pé ibí ni kóo dúró. Tí yúbóòtì (bóòtì tó rí bíi U tó di sípíríǹgì mọ́ axle) bá ti dẹ̀, tí ẹrù sì pọ̀, bóòtì àárín á gé, axle á sún sẹ́yìn lápá kan, bóyá 1 cm péré, ẹ ò ní fojú rí i. Lórí ọkọ̀ tí táyà méjèèjì fi 135 cm jìnnà síra wọn, 1 cm yẹn á di bíi 2.8 mm lára ríìmù kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ ń wo apá kan náà.

Ẹ wọn láti bóòtì ojú iwájú sípíríǹgì dé ara axle lọ́tùn-ún, ẹ wọn ti òsì. Tí wọn ò bá dọ́gba, ẹ tú apá náà, bóòtì àárín tó gé lẹ máa bá pàdé tàbí ihò tó ti jẹ di gbàgede. Yúbóòtì tuntun ni kí ẹ fi sí i, ẹ má lo èyí tó ti nà. Ẹ dè é ní àgbélébùú, díẹ̀ lápá yìí díẹ̀ lápá yẹn, kí ẹ tún un dè lẹ́yìn tí ẹ bá ti wà á fún ọjọ́ díẹ̀. Bóòtì ojú sípíríǹgì tó ní rọ́bà, ìgbà tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀ ni kí ẹ tó dè é pinpin, torí tí ẹ bá dè é nígbà tó ń rọ̀ lókè, rọ́bà á lọ́, kò ní pẹ́ tó fi máa ya.

Tí ọ̀tún àti òsì bá dọ́gba níbẹ̀ tí ipa táyà ṣì wọ́, ẹ wo férémù. Ẹ fi okùn onírin gbé ojú ibì kan náà lọ́tùn-ún lósì sílẹ̀, méjì níwájú méjì lẹ́yìn, ẹ fi ẹfun sàmì, ẹ ti ọkọ̀ kúrò, ẹ wọn igun sí igun. Igun méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Wẹ́dà kan ní òun lè fi iná gbóná tọ́ axle tó tẹ̀.

Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kí ẹ sì gba ilé lọ. Iná á sọ irin di rírọ̀, á ba ibi tí bíárìnnì ń jókòó jẹ́, ọ́ìlì sì wà nínú ẹ̀. Ẹ wá axle mìíràn tó tọ́.

504 wa ńkọ́?

504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975 ṣì wà káàkiri ọ̀nà wa dòní. Kì í ṣe irú kan o. Sáálúùnù gùn 274 cm láti àárín táyà iwájú dé ti ẹ̀yìn, station wagon gùn 290 cm, nítorí náà ẹ má fi ti ẹnìkan wọn ti ẹlòmíràn. Èyí tí táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń fì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, rọ́bà apá ẹ̀yìn àti rọ́bà tó gbé irin àgbélébùú dúró ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, mo ti rí i tí ìyẹn nìkan parí ọ̀rọ̀. Èyí tó ní axle gígùn kan, ẹ wọn bí mo ṣe ní kí ẹ wọn píkọ́ọ̀pù.

Mo wọn láti táyà iwájú dé ẹ̀yìn, ọ̀tún gùn ju òsì lọ. Ṣé ọkọ̀ mi ti ní jàǹbá rí ni?

Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ béèrè irú ọkọ̀ tó jẹ́ ná. Renault 4, láti ilé iṣẹ́ ni ọwọ́ kan ti fi 48 mm gùn ju èkejì lọ, torí torsion bar ẹ̀yìn méjèèjì ò lè wà lójú kan náà, ọ̀kan wà níwájú èkejì. Ẹni tó bá lọ "tọ́" ìyẹn ti bà á jẹ́. Ìjàpá ní tiẹ̀, 240 cm lọ́wọ́ méjèèjì.

Mo ti parí. Báwo ni mo ṣe máa dán an wò?

Ẹ kọ́kọ́ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá di gbogbo bóòtì tán, torí dídè máa ń sún un. Ẹ ṣe ti omi lórí kóńkéré lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ẹ jáde sójú ọ̀nà tó tẹ́ ní àárọ̀ kùtù kí tírélà sìmẹ́ǹtì tó pọ̀. Ẹ rántí pé àárín títì ga ju etí ẹ̀ lọ, láti 1972 tí a sì ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ọkọ̀ tó dáa gan-an á máa yọ̀ sí ọ̀tún díẹ̀ tí ẹ bá tú ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ wá ibi tí ẹ lè gbà ní àárín ọ̀nà láì sí ọkọ̀ kankan, ẹ wò ó níbẹ̀.

Tí ẹ̀yìn bá ti tọ́, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá tọ́ iwájú, kí ẹ lo òwú kan náà. Sitiarín tó ti wọ́ tẹ́lẹ̀ lè ṣì wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí ẹnì kan ti fi iwájú bo àléébù ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Ẹ tú iwájú padà síbi ìwọ̀n ẹ̀, á dúró. Kí ẹ sì fi ìwé tí ẹ kọ nọ́ńbà sí pamọ́ sínú ọkọ̀, ẹ ó nílò ẹ̀ nígbà tí táyà tuntun bá dé.